Àgbà Kò Sí Lọ́jà

Òwe kan wà tí n kò rò pé ó ku ẹnìkan nínú wa tí kò gbọ́ ọ rí: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ńṣe ni a fi òwe yìí ń yin àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2022 ni ó ti yé mi pé ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí orí ọmọ bá wá wọ́ ńkọ́? Ẹni tí a ó kọ́kọ́ wá kì í ṣe ọmọ, kì í sì í ṣe ìyá tí ó pọ̀n ọ́n. Àgbà ni a ó wá, a ó sì bi í pé níbo ni ó wà. Ohun tí ó là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ ròyìn fún yín. N kò ní bo ti ara mi mọ́lẹ̀, nítorí ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, èmi ni a fi ṣe àgbà, èmi náà ni n kò sì sí lọ́jà.

Onígbòǹgbò ni ilé wa. Bí ènìyàn bá ń ti Maryland lọ sí Ìkẹjà ní ojú ọ̀nà Mobolaji Bank Anthony, yóò kọjá létí ọ̀dọ̀ wa, bóyá kò sì ní mọ̀ pé abúlé ni ibẹ̀ rí kí ìlú Èkó tó fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Pápákọ̀ òfuurufú kò jìnnà sí wa. Bí bàálù bá ń kọjá lókè, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ a dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó parí ohun tí ó ń sọ. Ìyá bàbá mi dé ibẹ̀ nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967. Àkókò náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń dìde ní Ìkẹjà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́ wá láti ìlú gbogbo, tí ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ sì ń sáré kọ́ yàrá tí wọn yóò háyà.

Ilé amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ìyá àgbà máa ń sọ bí wọ́n ti ṣe ń kọ́ ọ ní ìlú tí wọ́n ti wá. Wọn a gbẹ́ ilẹ̀ pupa, wọn a da omi sí i, àwọn ọmọdé a sì máa fi ẹsẹ̀ pò ó pẹ̀lú ariwo àti ẹ̀rín títí yóò fi fà bí iyán. Bí amọ̀ bá ti pò tán, iṣẹ́ ọmọdé parí. Àgbà ni yóò mọ ọ́n sí orí ògiri ní ìpele kan. Wọn a fi ìpele náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìyá àgbà a ní, “Ọmọdé ní í po amọ̀, àgbà ní í mọ ọ́n. Ọmọ tí ó bá sì fẹ́ mọ bí a ti ń mọ ọ́n, yóò dúró sí ìsàlẹ̀ máa wo àgbà.” N kò ka ọ̀rọ̀ yìí sí nígbà náà. Mo rò pé ìtàn ìgbà amọ̀ ni, àti pé símẹ́ǹtì ti dé, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Gbogbo wa tí a wà ní ilé-ìwé nígbà náà ni a mọ bí oṣù mẹ́jọ ṣe gùn tó. Mo padà sílé. Mo ń jẹ, mo ń sùn, mo ń wo fóònù. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Balógun. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń jáde, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí wọ́n tó dé. Wọ́n ti ń dá àjọ fún ọdún mẹ́rin láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sí iwájú ilé wa. Nígbà tí àjọ náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní oṣù karùn-ún, wọ́n pè mí, wọ́n ní, “Ọlọ́run ni ó mú ọ jókòó sílé. Ìwọ ni ojú mi níbẹ̀. Bí ọ̀gá kò bá sí ní ìdí iṣẹ́, ìwọ má kúrò o.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, mà.”

Ẹ má rò pé onígbàjúẹ̀ ni ọ̀gá bíríkìlà tí a gbé iṣẹ́ fún. Rárá o. Oníṣẹ́ ọwọ́ gidi ni wọ́n. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tiwọn kí a tó gbàdúrà fún wọn, kí wọ́n tó gba fìrídọ̀mù. Wọ́n fẹ́ràn láti máa ka ìlà àwọn tí ó kọ́ wọn títí yóò fi dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà tí wọ́n ti ilẹ̀ Brazil padà wá ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn. N kò lè búra sí ìlà náà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé lọ́wọ́ àwọn Àgùdà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894, ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó darí kíkọ́ rẹ̀, mọ́sáláṣí náà sì dúró títí di òní olónìí.

Àléébù ọ̀gá wa ni pé wọ́n gba iṣẹ́ mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ní Ọ̀gbà, méjì ní Agége, àti tiwa. Wọn a dé ní àárọ̀, wọn a fi iṣẹ́ hàn, wọn a wo aago, wọn a sì gun ọkọ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ni ọmọṣẹ́ méjì àti lébìrà kan. Ọmọṣẹ́ àgbà ti lo ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Èyí àbúrò, ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún mọ́kàndínlógún tí ó wá láti apá Ìdíroko, kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ní ti lébìrà, ọ̀kadà ni ó ń gùn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Ìkẹjà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún náà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ẹni tí ń ru yanrìn. Kò mọ símẹ́ǹtì yàtọ̀ sí èlùbọ́, bí òun tìkára rẹ̀ ti máa ń fi ṣe àwàdà.

Àṣìṣe tí ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín ni. Ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọ náà mọ ògiri dí ojú ibi tí ó yẹ kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà. Ìgbà tí lébìrà fẹ́ jáde lọ mu omi ni wọ́n tó rí i pé wọ́n ti há ara wọn mọ́ inú ilé. Ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n rẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kìíní, wọ́n sì jẹ́ kí ó dagun sí inú dípò ìta, tí ó fi jẹ́ pé òjò oṣù kẹfà tí ó rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà wọlé, ó jókòó bí àlejò. Ògiri kan wà tí ó tẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí ènìyàn. Ọ̀gá a dé, wọn a bínú, wọn a ní kí a wó o, kí a tún un mọ. Símẹ́ǹtì tí a fi ń tún un ṣe, owó ìyá mi ni. Mo ń rojọ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n n kò bá ọ̀gá sọ ọ́ bí ó ti yẹ. Lójú mi, ẹ̀fẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri wa ti lanu tipẹ́, èmi ni mo jókòó tí mo ń wò ó.

Ní ìparí oṣù kẹfà, a dé orí dẹ́kìn kékeré tí yóò yọ síwájú lórí ilẹ̀kùn àwọn ṣọ́ọ̀bù bí etí fìlà, kí oòrùn àti òjò má baà bá oníbàárà. Ọ̀gá dúró ní àárọ̀ ọjọ́ náà títí wọ́n fi so irin, ó sì dára. Kété tí a bẹ̀rẹ̀ sí í po kànkéré ni fóònù wọn dún láti Agége. Wọ́n ní, “Ẹ rọra dà á o. Mo ń bọ̀.” Wọn kò dé mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ọmọ ń ru kànkéré gun òkè, wọ́n sì ń tẹ orí irin náà lọ, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n da omi púpọ̀ sí i kí ó lè rọrùn láti fà. Èmi wà ní abẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú fóònù mi. Mo rí gbogbo rẹ̀. Ojú mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú lásán ni.

Ọ̀gá dé ní ọjọ́ kejì, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dára, wọ́n ní kí a máa bu omi rin ín ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan igi ọparun tí ó tì í lábẹ́ títí àwọn yóò fi sọ pé ó tó. Ọmọṣẹ́ àgbà àti èmi ni a gbọ́ ọ. Ọmọ Ìdíroko kò gbọ́ ọ, nítorí ó lọ ra oúnjẹ. Ní ọjọ́ kẹfà, ọmọṣẹ́ àgbà bá ọ̀gá lọ sí Ọ̀gbà. Ojú fóònù mi ti fọ́. Mo ní kí n sáré dé Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà lọ tún un ṣe. Mo sọ fún ọmọ náà pé, “Mo ń bọ̀ nísinsìnyí.” Wákàtí mẹ́ta ni mo lò.

Ìgbà tí n kò sí nílé ni ọmọṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà dé. Ó ní ọ̀gá òun ní kí òun wá kó pátákó àti ọparun wọn, nítorí iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè wọ́n. Ta ni yóò sọ fún un pé kò tíì tó? Lébìrà kò mọ̀. Ọmọ Ìdíroko fọwọ́ kan ògiri, ó rí i pé ó le bí òkúta, ó sì rò pé ìrànlọ́wọ́ ni òun ń ṣe. Òun ni ó wọ abẹ́ rẹ̀ láti yọ ọparun. Wọ́n ní ó yọ mẹ́ta kí etí fìlà náà tó já.

Nígbà tí mo dé orígun àdúgbò wa, mo rí èrò. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Àwọn mẹkáníìkì òdìkejì ti gbé jáàkì ọkọ̀ wá, wọ́n fi gbé kànkéré náà kúrò lórí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Egungun ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣẹ́ ní ibi méjì. Kò sunkún. Ohun tí ó ń tún sọ ni, “Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá, ẹ ní n kò mọ̀.” Mo bá wọn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, orí rẹ̀ wà ní itan mi, fóònù mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe sì ń dán nínú àpò mi.

Ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa, tí ó jẹ́ ẹnjiníà, wá wo ibi tí ó já. Ó fi ìka tọ́ka sí irin tí ó yọ síta, ó ní, “Ẹ wò ó, ìsàlẹ̀ ni ó wà.” Ó ní kí n na apá mi síwájú, ó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé ọwọ́ mi, ó ní, “Níbo ni ó ti ń fà ọ́?” Mo ní òkè èjìká ni. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni dẹ́kìn tí ó yọ síwájú. Òkè ni ó ti ń fà, nítorí náà òkè ni irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yín ni ó tẹ̀ ẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀.” Ó tún ṣàlàyé pé kànkéré kì í gbẹ bí aṣọ ti í gbẹ. Omi àti símẹ́ǹtì ń ṣiṣẹ́ papọ̀ nínú rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ìdí nìyí tí a fi ń bu omi rin ín. Ní ọjọ́ keje, bí a bá pò ó dáadáa, agbára rẹ̀ lè tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọjọ́ 28 ni a fi ń wọn agbára rẹ̀ tán. Bí omi bá sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní lágbára tó bí ó ti yẹ, bí a tilẹ̀ dúró títí. Mo gbọ́, mo sì rántí ìyá àgbà àti ìpele amọ̀ wọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta ni ìyá ọmọ náà dé láti Ìdíroko. A ti múra sílẹ̀ fún èpè àti ariwo. Wọn kò pariwo. Wọ́n kí ìyá mi, wọ́n dúpẹ́ pé a gbé ọmọ wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni àgbà tí ó wà pẹ̀lú wọn?” Bàálù kan ń kọjá lọ lókè, ó sì fún wa ní àyè díẹ̀. Nígbà tí ariwo rẹ̀ lọ tán, ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀gá wo ilẹ̀. Èmi wo ọ̀gá. Ìyá mi wo àwa méjèèjì, wọ́n sì ní, “Kò sí ẹnìkan níbẹ̀, ìyá. Ẹ foríjì wá.” Láti ọjọ́ náà, n kò tíì gbọ́ ẹjọ́ tí a dá tí ó tọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè ìyá yìí ni mo wá ń gbé kiri. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní ọ̀nà Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀. Àwọn tí ó kú lé ní ogójì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn níbẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé-ìwé ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Òyìnbó pàápàá kò yọ níbẹ̀. Ní ọdún 1968, apá kan ilé alájà 22 tí wọ́n ń pè ní Ronan Point ní London já nígbà tí gáàsì bú gbàù nínú ilé ìdáná kan, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Nígbà tí wọ́n tú ilé náà palẹ̀ ní ọdún 1986, wọ́n rí i pé àwọn oríkèé tí ó yẹ kí símẹ́ǹtì kún inú wọn dáadáa kò kún bí ó ti yẹ. N kò sọ pé ohun kan náà ni ó wó gbogbo ilé wọ̀nyí. Olúkúlùkù ní ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a kò lè bi ní ìbéèrè ìyá yẹn.

Ó ti tó nǹkan bí ọdún 3,700 tí Hammurabi ọba Bábílónì ti kọ ọ́ sí ara òkúta pé bí ilé bá wó pa onílé, kí a pa ẹni tí ó kọ́ ọ. Òfin líle ni. Kíyè sí i pé kò bá ọmọṣẹ́ wí; ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gba iṣẹ́ ni ó lọ tààrà. Ní Èkó tiwa, òfin sọ pé kí a gba ìwé àṣẹ kí a tó kọ́lé, kí àwọn aṣojú ìjọba sì máa wá wò ó ní ìpele ìpele. Kí n má purọ́ fún yín, àwa kò tilẹ̀ ronú kan ìwé àṣẹ. A ní kí ni ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta?

Ẹnìkan lè sọ pé bí a kò bá fi ọmọṣẹ́ sílẹ̀ kí ó dán an wò, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Òótọ́ ni. Ọwọ́ ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, àṣìṣe sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fífi iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́ yàtọ̀ sí fífi ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́ dúró sí tòsí. Bí ọmọ náà bá mọ ògiri tí ó tẹ̀, ó rí i nígbà tí kò tíì ju búlọ́ọ̀kù méjì lọ, wọ́n a tún un ṣe, ọmọ a sì gbọ́n sí i. Ẹni tí ó fi ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ń jẹ owó àgbà, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ san gbèsè rẹ̀. Ọmọ náà kò sì ní ọgbọ́n kankan mú kúrò níbẹ̀ àyàfi ẹ̀rù.

Ìyá mi fi owó ṣọ́ọ̀bù kẹta san owó ilé ìwòsàn. Ọ̀gá san díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì fi iṣẹ́ Agége méjèèjì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí a fẹ́ tún dẹ́kìn náà dà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ọmọ Ìdíroko ti padà dé pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá méjì. Kò lè ru nǹkan kan. Ọ̀gá gbé àpótí fún un kí ó jókòó sí iwájú iṣẹ́, wọ́n ní òun ni kí ó máa wo irin bí wọ́n ti ń da kànkéré, kí ó sì pariwo bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá kàn án. Ó pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi há. Ọ̀gá náà kò lọ síbì kankan ní ọjọ́ náà. Nígbà tí fóònù wọn dún, wọ́n pa á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà fi èédú fa ìlà kan sí ara ògiri, ó ní ojoojúmọ́ ni òun yóò máa fa ọ̀kan, àti pé títí yóò fi pé méjìdínlọ́gbọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ ọ̀rọ̀ ọparun. Ìlà náà ti di mẹ́wàá nígbà tí ilé-ìwé wọlé tí mo padà. Nígbà tí mo dé fún Kérésìmesì, ọparun ti kúrò, etí fìlà náà dúró, oníbàárà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ti kun ògiri ní ọ̀dà funfun, ṣùgbọ́n wọ́n fi ibi tí ìlà méjìdínlọ́gbọ̀n náà wà sílẹ̀ láìkùn. Àwọn tí ó wá ra ọjà máa ń bi wọ́n léèrè ohun tí ó jẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n lọ bi ọmọ mi, akẹ́kọ̀ọ́ ni, yóò ṣàlàyé fún wọn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ ni a ó fi ọmọ ọlọ́mọ lé àwa náà lọ́wọ́, ní kíláàsì, ní ilé ìwòsàn, ní ọ́fíìsì, ní ìdí iṣẹ́ gbogbo. Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n bá wa lọ́jà.